Ọ̀sẹ̀ kan ní Ìbàdàn, lẹ́nu wíwá oúnjẹ Ṣáínà gidi

Ọjọ́ Ajé

Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ni mo wọ̀ ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson l'Ékòó. Òjò ń rọ̀ títí a fi kọjá Agége àti Agbádó, àmọ́ nígbà tá a máa fi dé Abẹ́òkúta, oòrùn ti yọ. Ojú irin kìlómítà 157 yìí, àwọn ará Ṣáínà ló ṣe é, iléeṣẹ́ CCECC, ọdún 2021 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ó kan ohun tí mo fẹ́ wá. Ibi tí òṣìṣẹ́ Ṣáínà bá ti pẹ́, ẹnì kan á máa dáná fún wọn. Ẹni tó ń dáná fún wọn yẹn ni mo fẹ́ rí ní Ìbàdàn.

Oníṣòwò aṣọ ni mí. Ọjà Zhongda ní Guangzhou, ní gúúsù Ṣáínà, ni mo ti ń kó léèsì fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó di pé dọ́là wọ́n débi tí ìrìn-àjò náà ò mú èrè wá mọ́. Ohun tí mo ń ṣàárò jù níbẹ̀ kì í ṣe ọjà. Oúnjẹ wọn ni. Láàárọ̀, wọ́n á bu ẹ̀kọ ìrẹsì gbígbóná fún ọ, ẹja tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á wà nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án, adìyẹ tí wọ́n kàn bọ̀, tí wọ́n gé teegunteegun, pẹ̀lú atalẹ̀ àti àlùbọ́sà eléwé tí wọ́n lọ̀ sínú òróró. Kò sí ariwo nínú oúnjẹ yẹn. Adìyẹ á dùn bí adìyẹ, ẹja á dùn bí ẹja.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Mọ́níyà, mo wọ máíkírà lọ sí Bódìjà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "O káàbọ̀ o. Wọ́n ní o ń bọ̀ wá wo àwọn oníbàárà rẹ ní Gbági." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, àti pé mo tún fẹ́ wá oúnjẹ Ṣáínà. Ó wò mí títí. "Ní Ìbàdàn? Ìlú àmàlà?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wádìí." Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀, kálukú dárúkọ ibì kan. Ibì kan náà ni gbogbo wọn padà dárúkọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ibẹ̀ la lọ lálẹ́, èmi, ẹ̀gbọ́n mi àtàwọn ọmọ méjì. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àtùpà pupa rọ̀ láti òkè, wọ́n ya dírágónì sára ògiri, ológbò aláwọ̀ wúrà sì wà lórí káńtà tó ń juwọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn ọmọdékùnrin tó ń gbé oúnjẹ múra, wọ́n sì mọ èèyàn í kí.

Ìwé oúnjẹ wọn nípọn bíi Bíbélì, mo sì kà á látòkè délẹ̀. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n: firáìdì ráìsì, ṣòmíìnì, spring roll, adìyẹ inú ọbẹ̀ aládùn pupa, ọbẹ̀ ẹyin tí wọ́n fi kọnfuláwà dì. Mo béèrè bóyá wọ́n ní ìwé mìíràn tí wọ́n fi èdè Ṣáínà kọ, nítorí ní ọ̀pọ̀ ìlú tí mo ti jẹun, ìwé méjì ló máa ń wà, ọ̀kan fún àlejò, ọ̀kan fún àwọn tiwọn. Ọmọ náà ní rárá mà. Mo ní ṣé wọ́n lè fi ooru omi se odidi ẹja fún wa, pẹ̀lú orí àti ìrù. Ó ní wọ́n lè dín in.

Firáìdì ráìsì náà dé. Ó pọ́n dẹ̀dẹ̀ nítorí kọ́rì, táìmù ń rùn lára rẹ̀, kárọ́ọ̀tì, gíríìn píìsì àti ẹ̀dọ̀ màlúù wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa: ìrẹsì yẹn dùn. Òun náà la máa ń jẹ ní ìgbéyàwó àti ìsìnkú, tiwa ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ilé kankan ní Guangzhou tí wọ́n á ti bu kọ́rì àti táìmù sínú ìrẹsì díndín. Èyí tí wọ́n ń pè ní ti Yangzhou, ẹyin, edé, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀ àti àlùbọ́sà eléwé ló ń wà nínú rẹ̀, ìrẹsì tó ti sùn mọ́jú ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe é, kó má baà lẹ̀ mọ́ra. Ìrẹsì funfun lásán ni wọ́n sì sábà máa ń jẹ pẹ̀lú ọbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní adìyẹ aládùn yẹn ló wu òun jù, ó sì bi mí bóyá òun náà kì í ṣe ti wọn. Mo ní ti wọn ni mà. Àwọn ará Guangdong, ìpínlẹ̀ tí Guangzhou wà, ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kan tí wọ́n máa ń dín, tí wọ́n á wá fi fínígà àti ṣúgà yí, tó máa ń kan tó sì máa ń dùn lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo ohun tó bá dùn lẹ́nu àlejò, ayédèrú ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti alẹ́ yìí ni pé ọbẹ̀ rì í mọ́lẹ̀. Èèpo díndín tó yẹ kó máa dún lẹ́nu ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ní Guangzhou, ọbẹ̀ yẹn kàn máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹran ni, kì í ṣàn nínú àwo.

Mo wo yàrá náà yí ká. Ẹbí kan ń ṣe ọjọ́ìbí, tọkọtaya kan jókòó sí kọ̀rọ̀, àwọn ọmọ yunifásítì wà níbi fèrèsé. Kò sí ará Ṣáínà kan ṣoṣo. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò nìyẹn ní ìlú èyíkéyìí: mi ò kì í wo dírágónì ara ògiri, ẹni tó jókòó sórí àga ni mo máa ń wò.

Ọjọ́rú

Gbági ni mo wà látàárọ̀. Owó kan jáde, òmíràn di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àmàlà ni mo jẹ lọ́sàn-án, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ewédú àti ògúnfe, mi ò sì lè ka èyí sí ìfiṣòfò.

Èrè ọjọ́ náà wá láti ẹnu oníbàárà mi kan, ìyá àgbà tó ti ń ta aṣọ láti ìgbà tí Gbági ṣì wà ní Dùgbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ fún iléeṣẹ́ Ṣáínà kan. Ó ní, "Àwọn tí ọmọ mi ń gbé kiri yẹn, wọn kì í jẹun nílé olówó. Ibì kan wà ní apá Olúyọ̀lé, kò ní pátákó, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ lálaalẹ́." Ó pe ọmọ náà lórí fóònù níwájú mi. Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, ẹ ní kí wọ́n má lọ ṣáájú aago méje o. Ìgbà yẹn ni àwọn ọ̀gá máa ń dé láti ẹnu iṣẹ́."

Ọjọ́bọ̀

Lóòótọ́, kò ní pátákó. Ilé ńlá kan ni, géètì dúdú, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí eruku bò sì wà nínú ọgbà. Tábìlì róbótó wà nínú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, iná funfun tó mọ́lẹ̀ kọjá ààlà, tẹlifíṣọ̀n ń sọ èdè Ṣáínà, kò sì sí ohun ọ̀ṣọ́ kankan yàtọ̀ sí kàlẹ́ńdà. Àwọn ọkùnrin bíi mẹ́jọ jókòó yí tábìlì kan ká pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ lára. Kò sẹ́ni tó ní àwo tirẹ̀ lọ́tọ̀ yàtọ̀ sí abọ́ kékeré. Gbogbo oúnjẹ wà láàárín, kálukú ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mú nínú rẹ̀.

Obìnrin tó ni ibẹ̀ jáde wá, ará Shandong ni, níhà àríwá Ṣáínà. Ó rí mi, ó rí ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú gèlè, ó sì sọ ohun tí mo ti mọ̀ pé ó máa sọ: "Fried rice? Chicken?" Kò burú o. Òun rò pé ohun tá a fẹ́ nìyẹn, nítorí gbogbo àwọn tó ń ti ìta wá ń béèrè rẹ̀. Tí èèyàn bá gbà bẹ́ẹ̀, ó máa jẹ firáìdì ráìsì nínú ilé tí oúnjẹ gidi ti ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo kí i ní ìwọ̀nba èdè Ṣáínà tí mo gbọ́. Ọmọbìnrin Ìbàdàn kan tó ń bá a ṣiṣẹ́ wá, mo ní, "Jọ̀ọ́, bá mi bi ọ̀gá rẹ: kí ni àwọn fúnra wọn máa jẹ lálẹ́ òní? Òun ni kí wọ́n gbé fún wa." Mo tún nawọ́ sí tábìlì àwọn ọkùnrin yẹn. Obìnrin náà wo ibi tí mo nawọ́ sí, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bọ́ sẹ́yìn. Kò tún béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa mọ́.

Tòmátì àti ẹyin ló kọ́kọ́ dé. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹyin díndín tiwa nìyí!" Ó sún mọ́ ọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n tiwọn ní omi, ṣúgà díẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò sì ní ata. Oúnjẹ tí àwọn ọmọ Ṣáínà máa ń kọ́kọ́ kọ́ sísè nílé nìyẹn, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó rí i nínú ìwé oúnjẹ tí wọ́n kọ fún àlejò. Lẹ́yìn náà, ìgbá aláwọ̀ àlùkò, ànàmọ́ òyìnbó àti ata gíríìnì, tí wọ́n dín pa pọ̀ pẹ̀lú aáyù. Àwọn ará ìlà-oòrùn àríwá ló ni ín. Gbogbo èròjà rẹ̀ ni ẹ lè rà ní Bódìjà láàárín wákàtí kan. Ìgbá yẹn ti rọ̀ débi pé ahọ́n nìkan ló tó, síbẹ̀ kò fọ́.

Jiaozi, fúláwà tí wọ́n di ẹran sínú rẹ̀, ló wá dé kẹ́yìn. Mo bẹ obìnrin náà kó jẹ́ kí n wo bí ó ṣe ń dì í, ó sì gbà mí láàyè lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Fúláwà àti omi ni wọ́n fi pò ó, ó ti fi aṣọ bò ó kó lè sinmi. Ó gé díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, ó wá ń fi igi kékeré yí etí rẹ̀ nìkan, ọwọ́ òsì ń yí i, ọwọ́ ọ̀tún ń tẹ̀ ẹ́, títí etí fi fẹ́lẹ́ tí àárín sì nípọn. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ọmọbìnrin náà túmọ̀ rẹ̀: àárín ló ń gbé ẹrù, tó bá fẹ́lẹ́ ó máa bẹ́ sínú omi, etí ni wọ́n ń pa pọ̀, tó bá nípọn ó máa di odindi fúláwà lẹ́nu. Ó bu ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti kábéèjì sí i, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì ṣẹ́ ẹ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò ju ìgbà tí ẹ fi máa sọ pé "ẹ kú alẹ́" lọ. A fi fínígà dúdú àti aáyù tútù jẹ ẹ́.

Kò sí ẹ̀kọ ìrẹsì, kò sí adìyẹ bíbọ̀, kò sí ohunkóhun tí mo ti ń rí ní Guangzhou lálẹ́ yẹn. Ní àríwá Ṣáínà, fúláwà ni wọ́n ti ń jẹ látayébáyé: núdù, jiaozi, búrẹ́dì tí wọ́n fi ooru omi sè. Gúúsù ni ìrẹsì ti jẹ́ ọba. Ilẹ̀ náà gbòòrò débi pé béèyàn bá ní òun ń wá oúnjẹ Ṣáínà gidi, ó yẹ kí wọ́n bi í pé ti ibo. Mo ti ń wo gbogbo ilé oúnjẹ pẹ̀lú ojú Guangzhou, àmọ́ obìnrin Shandong yìí ò sí lábẹ́ àṣẹ Guangzhou. Bó ṣe ń jẹun nílé bàbá rẹ̀ ló gbé ka iwájú mi.

Ọjọ́ Ẹtì

Nígbà tá à ń lọ lánàá ni ọkùnrin kan jáde láti ilé ìdáná, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ Ìbàdàn ni, Òjé ni agboolé wọn. Òun ni igbákejì kúkù níbẹ̀, ó sì ti bá oríṣiríṣi ọ̀gá Ṣáínà ṣiṣẹ́ kó tó débẹ̀. Mo bi í nípa ẹja. Ó ní, "Ẹ padà wá lọ́la mà, ẹ sọ fún mi lónìí kí n lè ra ẹja láàyè. Ọ̀gá mi àkọ́kọ́, Guangdong ló ti wá, òun ló kọ́ mi."

Àrọ̀ ló rà, ó ṣì ń jà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tá a dé. Ní Guangzhou náà, ààyè ni ẹja máa ń wà nínú gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà, ìwọ lo máa nawọ́ sí èyí tó wù ọ́. Ó pa á, ó da omi gbígbóná sí i, ó fi iyọ̀ ha yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kúrò, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe. Ó gé e láì gé e tán, kó lè yí ká nínú àwo. Ó wá ṣí ike kékeré kan, òórùn rẹ̀ sì bo gbogbo ilé ìdáná.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Irú nìyẹn!"

Ọkùnrin náà ní, "Irú tiwọn ni mà. Ẹ̀wà sóyà dúdú ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n fi iyọ̀ sí i." Mo tọ́ ọ wò. Ó le ju irú lọ, iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà: ẹ jẹ́ kó bà lọ́nà tó dára, kí adùn tó fara pamọ́ nínú rẹ̀ lè jáde. Mo ti jẹ ẹ́ láìmọye ìgbà ní Guangzhou, ó sì jẹ́ pé ẹnu ẹ̀gbọ́n mi, tí kò wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Ṣáínà rí, ni mo ti gbọ́ ohun tó jẹ́ gan-an.

Ó lọ̀ ọ́ pẹ̀lú aáyù, ó wọ́n ọn sára ẹja, ó gbé àwo lé omi tó ń hó yàà, ó dé e. Ìkìlọ̀ tó fún mi ni pé omi gbọ́dọ̀ ti máa hó kí ẹja tó wọlé, kéèyàn má sì máa ṣí i wò. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi gbé e jáde. Ó gé àlùbọ́sà eléwé sí i lórí, ó gbé òróró kaná títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, ó sì dà á lé e lójijì. Ṣàà! Ariwo yẹn àti òórùn yẹn ni mo ti ń wá láti ọjọ́ Ajé.

Àrọ̀ lọ́ràá ju ẹja tí wọ́n sábà máa ń lò níbẹ̀. Sójú tèmi, irú sóyà yẹn ló bá ọ̀rá rẹ̀ mu jù. Wọ́n gbé ìrẹsì funfun wá. A jẹ ẹ́ tán, egungun nìkan ló kù.

Ohun kejì tó sè wá láti ìpínlẹ̀ Sichuan: mapo doufu, ọbẹ̀ wàrà sóyà ti ìlú Chengdu. Mo béèrè ibi tó ti ń rí wàrà sóyà. Ó ní àwọn obìnrin kan ní Sábó ló ń ṣe é fún òun, òun kàn ní kí wọ́n má jẹ́ kó le tó ti súyà. Sóyà kì í ṣe àlejò ní Ìbàdàn mọ́, ọjọ́ ti pẹ́ tí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ níbí lọ́dún 1967, ti ń ṣiṣẹ́ lórí irúgbìn rẹ̀. Ẹran lílọ̀ díẹ̀ wà nínú ọbẹ̀ náà, àti ẹ̀wà pípọn tí wọ́n fi ata bò títí ó fi kan. Lẹ́yìn náà ló bu èso gbígbẹ pupa-rẹ́súrẹ́sú kan tó lọ̀ kúnná sí i lórí.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ṣíbí kan sẹ́nu, ó dákẹ́. "Ètè mi kú."

Mo ní, "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn mà." Kì í ta bí ata. Ó máa ń mú kí ètè àti ahọ́n máa gbọ̀n rìrì, ata á wá gba ibẹ̀ wọlé. Èso yẹn, ilẹ̀ wọn ló ti hù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ata ní tirẹ̀, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá bá wọn, bó ṣe wá bá àwa náà, lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀. Nítorí náà ará Sichuan àti ará Ìbàdàn, àlejò kan náà ni wọ́n gbà sílé, tí wọ́n sì fi ṣe ọmọ onílé. Nínú ilé oúnjẹ olódírágónì, ẹ ò lè rí èso yìí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá se mapo doufu láìsí i, ọbẹ̀ ata lásán ló sè.

Kí n tó kúrò, mo béèrè ohun tó le jù nínú iṣẹ́ náà. Mo rò pé á sọ pé èròjà. Ó ní iná ni. Ó fi agbada onírin wọn hàn mí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú ó sì ń dán, àti sítóòfù gáàsì tó ń ké bí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀. Ó ní, "Sítóòfù ilé ò lè ṣe é mà. Bí iná bá kéré, ewébẹ̀ á máa sun omi, á di sísè. Iná yìí, kíá ni, ẹ ti gbé e kúrò." Ó ju ẹ̀fọ́ tútù àti aáyù sí i kí n lè rí i. Iná bẹ́ sókè lẹ́ẹ̀kan, ó mi agbada náà bíi mélòó kan, ó tú u sáwo. Ẹ̀fọ́ náà ṣì tutù yọ̀yọ̀, síbẹ̀ òórùn èéfín wà lára rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ń lo ajinomótò. Ó ní díẹ̀, bí ìyá òun náà ṣe ń lò ó sí ọbẹ̀ ilá. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ọkùnrin yìí tọ́ sí ìyìn gidi. Kò dé Ṣáínà rí. Nídìí iná àwọn ọ̀gá rẹ̀ ló ti kọ́ ti àríwá, ti gúúsù àti ti Sichuan, kò sì da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì. Àwọn tó máa ń sọ pé àfi bí ará Ṣáínà bá dúró nídìí agbada kí oúnjẹ tó jẹ́ gidi, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá tọ́ ẹja Òjé wò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n mi tọ ọjà Bódìjà lọ kí n tó jí. Àrọ̀ méjì, atalẹ̀, àlùbọ́sà eléwé, àti irú wooro tiwa. Ó ní òun fẹ́ fi irú wa dán an wò. A fi abọ́ irin sínú ìkòkò ńlá, a sè é bí ọkùnrin yẹn ṣe wí, a da òróró gbígbóná lé e. Irú wa rọ̀ ju tiwọn lọ, kò ní iyọ̀ tó tiwọn, nítorí náà a ní láti bu iyọ̀ sí i. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ díẹ̀, wọ́n ní ó dùn, àmọ́ kí wọ́n bá àwọn gún ata rodo mélòó kan. A gún un.

Kí máíkírà tó dé láti gbé mi lọ Mọ́níyà, ẹ̀gbọ́n mi gba nọ́ńbà kúkù náà lọ́wọ́ mi. Ìkómọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bọ̀. Ó pè é níṣojú mi, ó ní kó wá se ẹja fún tábìlì àwọn àgbà, kó sì mú sítóòfù rẹ̀ dání. Àmàlà ṣì máa wà, ó ní kí ọkàn gbogbo èèyàn balẹ̀ lórí ìyẹn.